Kẹ́ ẹ tó ra road bike tòkunbọ̀, bẹ́ ẹ ṣe lè fi férémù wéra nìyí

Tẹ́ ẹ bá lọ wo road bike tòkunbọ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún eré sísá lórí títì, ohun tẹ́ni tó ń tà á máa kọ́kọ́ sọ ni pé "kábọ̀n ni o, ó fúyẹ́ gan-an", á sì fi ìyẹn bu owó lé e. Ẹ ní sùúrù, ẹ wo táyà ná. Gbígbọ̀n tí kẹ̀kẹ́ ń gbọn èèyàn lórí títì, ọwọ́ táyà ló pọ̀ sí ju ọwọ́ férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, lọ. Táyà tó fẹ̀ ní 23mm tí wọ́n fẹ́ tó le koránkorán máa gbọ̀n yín dé eyín, ì báà jẹ́ férémù taiténíọ̀mù lẹ gùn, àmọ́ 28mm tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ mọ níwọ̀n á rọra gbé yín kọjá. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi férémù méjì wéra, kí táyà wọn fẹ̀ bákan náà, kẹ́ ẹ fi gauge wọn afẹ́fẹ́ wọn dọ́gba, kẹ́ ẹ sì gba ojú títì kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà lẹ kàn ń dán wò.

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré irin lójú yín o. Reynolds 531, irin kan tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá férémù, tó jáde ní England lọ́dún 1935, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France. Irin tó bá sán, ẹni tó mọṣẹ́ lè jó o padà. Ohun tó ń pa á ni kó máa dógùn-ún látinú, ẹ ní kí wọ́n fa ọ̀pá ìjókòó yọ kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé àlùmíníọ̀mù le jù. Tí ọ̀pá méjì bá rí bákan náà, ti àlùmíníọ̀mù máa tẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti irin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ẹ̀ ní ńlá, sísanra yẹn ló wá ń jẹ́ kó le. Tó bá ti sán, ẹ máa lọ, ẹ má gbà kí wẹ́dà ẹ̀bá títì jó o, torí iná yẹn ń gba agbára ibẹ̀.

Kábọ̀n ló gba kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù. Fọ́nrán tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ ni, ẹni tó ṣe é ló ń yan ibi tí fọ́nrán máa kọjú sí, ìyẹn ni ọ̀kan fi lè le níbi pẹ́dàlì kó sì rọ ìdí lọ́rùn, tí òmíràn á le látòkè délẹ̀. Wọ́n á kó o sínú kọ̀nténà, wọ́n á to kẹ̀kẹ́ míì lé e, inú ẹ̀ lè ti fọ́ kí ọ̀dà ìta ṣì máa dán. Ẹ fi owó ẹyọ gbá a díẹ̀díẹ̀, ibi tí ohùn ẹ̀ bá ṣàdédé kú, ẹ fura. Tí ohùn ò bá yí padà, ìyẹn nìkan ò tíì tó, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa.

Taiténíọ̀mù kì í dógùn-ún, ó dáa gan-an, owó ẹ̀ ló ga.

Tó bá jẹ́ èmi ni, lórí títì tiwa yìí, irin tàbí àlùmíníọ̀mù tó gba 28mm tàbí 32mm ni mo máa mú ju kábọ̀n tí ò gbà ju 23mm lọ. Ẹ wo àlàfo àárín táyà àti fọ́ọ̀kì, àti lẹ́yìn níbi bíréèkì: tó bá ti fún pinpin pẹ̀lú táyà tó wà lórí ẹ̀, èyí tó fẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́, ẹ ní kó gbé òmíràn wá.