Ibi Tí Ọ̀wọ̀ Ti Ń Já Nínú Lẹ́tà Àìgbẹ̀fẹ̀

Ẹ má kọ "Olùfẹ́ ọ̀wọ́n Ọ̀gá" sí orí lẹ́tà tó ń lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba. Òun ni mo ń rí jù nínú ìwé tí àwọn èèyàn ń gbé wá kí n bá wọn tún ṣe, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó kọ ọ́ gbà pé òun ti bọ̀wọ̀ fúnni. "Dear Sir" ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Jòhánù pe Gáíù ní olùfẹ́ nínú Bíbélì, ará nínú ìgbàgbọ́ ni wọ́n. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe olùfẹ́ yín. "Alàgbà," tàbí "Ọ̀gá," ti tó. Fún obìnrin, "Ìyáàfin,". Bí ẹ ò bá mọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ipò ni kí ẹ pè: "Akọ̀wé Àgbà,". Orí ọ̀rọ̀ ló kàn. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́?" kò sí níbẹ̀, lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ ló ni ín.

Èyí tó burú jù, ìsàlẹ̀ ìwé ló máa ń wà. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ sí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀. "Ẹ" àti "yín" ló lò látòkè délẹ̀, ó dára gan-an. Ó ku kó fọwọ́ sí i, ló bá kọ "Èmi ni tìrẹ nítòótọ́". Gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ ojú ìwé náà ló fi "tìrẹ" kan ṣoṣo bàjẹ́! Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá ọmọdé àti àgbà sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti gbé e. "Èmi ni tiyín nítòótọ́" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá dárúkọ àgbà mìíràn nínú ìwé: "Akọ̀wé yín pè mí, wọ́n ní kí n kọ̀wé", kì í ṣe "ó ní".

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀mọ̀wé" kò sí. Ọ̀mọ̀wé ti gba ipò Ọ̀gbẹ́ni.

Lẹ́tà ààfin ni kí ẹ fara balẹ̀ fún jù. Ẹ má fi orúkọ àbísọ ọba bẹ̀rẹ̀ ìkíni, "Kábíyèsí," ni. Ẹ má sì pe baálẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe ọba aládé. "Ikú Bàbá Yèyé" jẹ́ ti Aláàfin Ọ̀yọ́, ẹ má da lẹ́tà Ọ̀yọ́ kọ ránṣẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ ṣàdúrà: kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.