Àpótí Aṣọ Ọmọ àti Káńfọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Aboyún Tí Àìtó G6PD Wà Nínú Ìdílé Rẹ̀

Ìyá ọkọ ti sọ àpótí kalẹ̀ láti orí àjà. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ wọ̀ ló wà níbẹ̀, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo yàrá. Wọ́n gbọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wọ̀ ọ́ fún ìkókó. Kó tó di ọjọ́ ìkómọ, ojú ọmọ ti pọ́n bí ìyeyè: ibà pọ́njú dé.

G6PD ni ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà inú ara, tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó lè dàgbà láìmọ̀, àfi ìgbà tí oògùn kan tàbí kẹ́míkà kan, irú èyí tó wà nínú káńfọ̀, bá kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì pupa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí ojú sì pọ́n. Ọ̀pọ̀ àrùn àjogúnbá irú èyí ló ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n eléyìí kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwa: nílẹ̀ Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní i. Ibà ló fi í sílẹ̀ fún wa. Ní 1969, Lucio Luzzatto, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ríbi gbé nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó.

Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá náà sì lè má ṣàìsàn rí. Baba tó ní i kì í fún ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa gbà á. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nílé o.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ oyún sílẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé àìtó G6PD wà nínú ìdílé yín, kó kọ ọ́ sára káàdì. Bí ẹ kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n tí ojú ọmọ tí ẹ ti bí tàbí ti àbúrò yín pọ́n gidi nígbà ìkókó, ẹ sọ ìyẹn náà. Primaquine (oògùn ibà kan), dapsone (oògùn ẹ̀tẹ̀) àti nitrofurantoin, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí ìtọ̀ ń ta, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má rà wọ́n fúnra yín ní kẹ́místì. Ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn ibà tí klínìkì fún yín dúró. Ẹ bi wọ́n léèrè ná. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìtọ̀ yín bá dúdú bí omi zobo, tí ó sì ń rẹ̀ yín, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn kan á ní kí ẹ má jẹ ẹ̀wà mọ́. Ẹ̀wà òkè òkun kan tó ń jẹ́ fava ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀wà olóyin wa kò ṣe ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín yín.

Láti oṣù keje oyún, ẹ kó aṣọ ọmọ jáde. Èyí tí káńfọ̀ ti bá gbé, ó sàn kí ẹ má lò ó rárá. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra, kí ẹ sì sá a sí oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀ títí òórùn náà á fi tán pátá. Ẹ wo ìró tí ìyá àgbà fẹ́ fi pọn ọmọ náà: àpótí kan náà ló ti jáde. Káńfọ̀ tí ẹ fi ń lé ìdun ní yàrá ńkọ́? Ẹ kó o dànù. Ìpara mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti làálì kò gbọdọ̀ kan ara ọmọ.

Bí ẹ bá bímọ tán, ẹ gbé ọmọ lọ sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ imú rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó lọ; àwọ̀ ìyeyè lè hàn níbẹ̀. Bí ó bá pọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tàbí tí kò fẹ́ mu ọmú, tí ó ń sùn jù, tí ó ń ké tín-ín-rín tàbí tí ara rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Oòrùn àárọ̀ kò tó, omi gúlúkóòsì kì í wò ó. Iná aláwọ̀ búlúù ní ọsibítù ló máa ń wò ó. Nígbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Bí ibà pọ́njú náà bá dé ọpọlọ, ọmọ lè di adití tàbí arọ.

Ẹ máa fún un lọ́mú déédéé. Àwọn oògùn tí a kà sílẹ̀ lókè yẹn, kí ìyá ọlọ́mọ má lò wọ́n láìbi dókítà, torí wọ́n lè gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ.