Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní kéwú láìlo pàṣán àti èébú

Ẹni tó bá mọ Fátíhà àti àwọn súúrà (orí Àlùkùránì) kéékèèké kà dáadáa lè jókòó kọ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í le. Ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ àfáà tí iṣẹ́ ti bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni ìgbà tí ọmọ bá ṣì í kà, nítorí náà ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Kí ọmọ tó dé

Ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ sì jẹun. Ebi a máa sọ àfáà di oníbìínú. Ẹ má gbà ju ọmọ mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ pín wọn, kí àwọn kan wá lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kí àwọn yòókù wá lẹ́yìn Mọ̀gàríbì.

Wàláà, pákó tí a ń kọ kéwú sí, ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ohun tí a fi tàdáwà (yíǹkì) kọ sára rẹ̀ ṣeé fọ̀ dànù, ọmọ á sì mọ̀ pé àṣìṣe ṣeé nù kúrò. Tí owó wàláà bá wọ́n, ẹ ní kí káfíńtà gé pákó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, kó fá a kó dán. Ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Orí ẹní kan náà ni kí ẹ̀yin àti ọmọ jókòó sí. Mi ò fara mọ́ kí àfáà wà lórí àga gíga kí ọmọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tí ojú yín àti ojú rẹ̀ bá ṣe déédéé, ẹ ó máa rí ahọ́n àti ètè rẹ̀, ohun tí ẹ sì nílò gan-an nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kà á fún un

Ẹ ka àáyà (ẹsẹ Àlùkùránì) kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yin àti òun á jọ kà á, lẹ́yìn náà kí òun nìkan kà á. Àáyà kan tó dúró sàn ju mẹ́wàá tó fò lọ. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ sọ nínú Súúrà 17, àáyà 106, pé díẹ̀díẹ̀ ni òun sọ Àlùkùránì kalẹ̀, kí Ànábì lè máa kà á fún àwọn èèyàn pẹ̀lú sùúrù. Fún àtúnkà nílé, ẹ fi kíké Mahmoud Khalil al-Husary sórí fóònù òbí rẹ̀. Ọmọ Íjíbítì ni, òun ló kọ́kọ́ ka gbogbo Àlùkùránì sínú ẹ̀rọ, ní 1961, kò sì sáré rárá.

Nígbà tí ọmọ bá ṣì í kà

Ẹ pa ẹnu mọ́ ná. Ẹ jẹ́ kó parí àáyà náà, kí ẹ sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa tún un ṣe fúnra wọn láàárín ìgbà yẹn. Ẹ má pòṣé. Ẹ má gbá wàláà. Ẹ má wo ojú àwọn ọmọ yòókù, torí pé bí ẹ bá ti wò wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èyí tó burú jù ni kí àfáà máa sín ọmọ jẹ: ọmọ tí a bá sín jẹ lónìí kò ní gbé ohùn sókè lọ́la, ẹ kò sì ní gbọ́ àṣìkà rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, kí ẹ sọ pé, “Padà síbí.” Tí kò bá rí i ṣe, ẹ ka ọ̀rọ̀ kan yẹn fún un, kí ó gbà á lẹ́nu yín.

Ẹ rántí pé ẹnu Yorùbá ló ń fi kà á. Èdè wa kò ní ìró z. Ìdí nìyẹn tí Zubair fi di Súbérù lẹ́nu àwọn bàbá wa. Nínú àwọn ìró Lárúbáwá, a kò ní ʿayn, a kò ní khā, a kò ní thā. Ọmọ náà kò lágídí, ahọ́n rẹ̀ ni kò tíì débẹ̀ rí. Ẹ ra díńgí kékeré tó wà lọ́jà, kí ó máa wo bí ṣóńṣó ahọ́n ṣe ń yọ láàárín eyín fún thā.

Kì í ṣe gbogbo àṣìkà ni a ń dá dúró. Ẹni tó ka “qul” bí “kul” ti sọ “sọ pé” di “jẹ ẹ́”. Ẹ tún ìyẹn ṣe lọ́jọ́ náà. Fífà ohùn àti fífi imú kà lè dúró dìgbà tó bá parí àwọn súúrà kéékèèké.

Ẹ wo bí Ànábì ṣe tún àṣìṣe ṣe. Muʿāwiyah ọmọ al-Hakam, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, sọ̀rọ̀ láàárín ìrun torí pé ẹnì kan sín. Àwọn tó wà níbẹ̀ ranjú mọ́ ọn, wọ́n ń lu itan wọn. Nígbà tí Ànábì parí ìrun, ó kàn ṣàlàyé fún un pé ìrun kò gba ọ̀rọ̀ èèyàn. Muʿāwiyah ní òun kò rí olùkọ́ tó dára jù ú lọ rí: kò jágbe mọ́ òun, kò lu òun, kò bú òun. Ó wà nínú ìwé hàdíìsì tí Imam Muslim kó jọ.

Àwọn òbí kan á sọ pé, “Àfáà, ẹ bá mi nà án.” Ẹ fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ má sì nà án. Mo ti rí àwọn ọmọ tí ẹ̀rù pàṣán kọ́ ní kéwú: wọ́n há a sórí geere, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àárín súúrà, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ẹni tó sì ń kólòlò kà, ẹ sọ fún un pé Ànábì ní láádá méjì ni tirẹ̀.

Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ àgbàlagbà

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọmọdé. Bí àfáà bá tilẹ̀ mọ gbogbo súúrà 114 lórí, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibí yìí kà” ló yẹ kó sọ. Bí ẹ̀yin náà bá ṣì í kà, ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹ padà. Kí ẹ sì máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kà kí ẹ gbọ́; Ànábì ní kí Ibn Masʿūd, sàábé rẹ̀, ka Súúrà Nísáì fún òun, ó sì gbọ́ ọ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Owó Àlárùbá

Ní ti owó tí ọmọ ń mú wá fún àfáà lọ́jọ́ Àlárùbá (Ọjọ́rú), ẹ má pe orúkọ ọmọ tí kò mú un wá. Ẹ gbé agolo kan sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ní jù ú síbẹ̀ bó ṣe ń wọlé, kí ẹ sì ṣí i lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti lọ sílé.