Alárinà DHCP: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ server tí kò sí ní VLAN rẹ̀

Kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń pariwo sí 255.255.255.255 ni, pé kí ẹni tó bá ní àdírẹ́sì IP fún òun lọ́kan. Ariwo yẹn kì í jáde kúrò nínú VLAN tó wà, ìyẹn ìpín kan nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí server DHCP, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín àdírẹ́sì IP fún àwọn kọ̀ǹpútà, bá wà ní VLAN mìíràn, kò lè gbọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ switch, ẹ̀rọ tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, di alárinà.

Ká ní server wà ní VLAN 10, àdírẹ́sì rẹ̀ sì jẹ́ 192.168.10.5, tí àwọn kọ̀ǹpútà wà ní VLAN 20. Lórí switch Cisco tó ń ṣe routing (tó ń gbé ìsọfúnni láti VLAN kan sí òmíràn), èyí ni mo máa ń tẹ̀:

ip routing
interface vlan 20
ip address 192.168.20.1 255.255.255.0
ip helper-address 192.168.10.5

Ẹ jọ̀ọ́, VLAN 20 ni! Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pariwo ni alárinà ń dúró sí. Èmi ti kọ ọ́ sórí VLAN 10 rí, mo ní ṣebí ti server ni. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ni mo fi ń yọ wáyà tí kò ṣẹ̀ mí, tí mo tún ń kì í bọ ihò rẹ̀.

Lórí server, ẹ ṣí agbo àdírẹ́sì fún 192.168.20.0. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti .50 dé .200, kí ìyókù lè wà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti irú wọn. 192.168.20.1 ni ẹ ó fi ṣe gateway, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà jáde kúrò ní VLAN rẹ̀.

Ibi tó ti sábà ń dojú rú ni èsì. Kí switch tó gbé ìbéèrè lọ, ó máa ń kọ àdírẹ́sì tirẹ̀, 192.168.20.1, sí àyè kan tó ń jẹ́ giaddr. Òun ni server ń wò tó fi ń mọ agbo tí òun yóò ti mú àdírẹ́sì, ibẹ̀ náà ló sì ń dá èsì padà sí. Bí server kò bá mọ ọ̀nà ibẹ̀, èsì ti sọnù nìyẹn. Ẹ ping 192.168.20.1 láti orí server, kí ẹ wò bóyá ó ń dáhùn, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Lórí Windows, ẹ tẹ ipconfig /release, lẹ́yìn náà ipconfig /renew. Bí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 bá yọjú, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ wá ṣe tcpdump -n port 67 lórí server, kí ẹ lè rí ìbéèrè tó ń wọlé àti èsì tó ń jáde. Bí ìbéèrè kò bá dé rárá, ọ̀dọ̀ switch ni kí ẹ wò. Bó bá dé, tí server sì dáhùn, àmọ́ tí kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan gbà, ọ̀nà àbọ̀ ni, tàbí DHCP snooping (ẹ̀ṣọ́ inú switch tó ń dí èsì DHCP tó bá gba port tí a kò fọkàn tán) tó wà ní títàn láìjẹ́ pé ẹ fi ip dhcp snooping trust sí port tó lọ sọ́dọ̀ server.

Tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ tẹ write memory lórí switch, kó lè tọ́jú ohun tí ẹ tẹ̀. Bí iná bá lọ láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ ni.