Yíya ilé ìtura fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó

Ibi ìdáná ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, kì í ṣe ọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé Maggie's, ilé tí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ti ń gba ìtùnú àti ìrànlọ́wọ́, tí àkọ́kọ́ wọn ṣí ní Edinburgh ní Scotland ní 1996, ṣe rí: tábìlì ńlá láàárín, kò sí káńtà lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ òórùn ọbẹ̀ máa ń mú kí èébì gbé ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn Èkó ti sábà ń fẹ́ wá, torí náà ẹ gbé sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀ sí apá àríwá-ìlà-oòrùn.

Tí ẹ bá gbé ilẹ̀ ilé ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà nítorí àgbàrá, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn máa gbà gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 7.2. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣàṣìṣe: ilẹ̀ kì í tó, wọ́n á gé e kúrú, agbára ẹni tó ń tì í kò ní ká a.

Ẹ má gbàgbé yàrá kékeré kan tó ní ìlẹ̀kùn, fún ẹni tó bá fẹ́ sunkún.