Bí Mo Ṣe Fi Dátà Sátẹ́láìtì Wo Ionosphere Orí Ìjẹ̀bú

Iṣẹ́ ìwọn-ilẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, títí dé Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹ̀wàá, tí a bá gbé ẹ̀rọ GPS kalẹ̀ kí ó gba àmì sátẹ́láìtì mọ́jú, àmì náà a máa já léraléra láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọmọ iṣẹ́ mi béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ ni?" Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́.

Ionosphere ni, ìpele òfuurufú tí ìtànṣán oòrùn ti já ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kúrò lára àtọ́ọ̀mù. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù a máa padà so mọ́ ọ́síjìn, ìsopọ̀ náà a sì tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 135.6. Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í dé ilẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ń gbé e mì, nítorí náà òkè nìkan ni a ti lè ya àwòrán rẹ̀. George Carruthers, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe kámẹ́rà tí Apollo 16 gbé lọ sórí òṣùpá ní oṣù Kẹrin ọdún 1972 láti ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ dáadáa.

Dátà GOLD ni mo lò. Ẹ̀rọ NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, tí ń ya àwòrán ìmọ́lẹ̀ yìí ni, orí sátẹ́láìtì SES-14 ni ó sì bá lọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2018. Ó dúró sójú kan lókè ìwọ̀n 47.5 ní ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 sí ilẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni dátà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́, láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án tiwa, ni mo mú, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé òkùnkùn lọ sí ìhà Amẹ́ríkà.

Mo fi Python, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣí fáìlì náà, mo ro gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó yí nánómítà 135.6 ká pọ̀ fún ojú (pixel) kọ̀ọ̀kan inú àwòrán, mo yọ àwọn ojú tí kò bọ́ sórí ayé kúrò, mo sì so ìlàjì àríwá mọ́ ti gúúsù, nítorí pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń yà wọ́n. Etí ìlà-oòrùn àwòrán ni Ìjẹ̀bú bọ́ sí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi ẹ̀gbẹ́ wo ilẹ̀, nítorí náà n kò wọn ohun tí ó kéré jù níbẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ó gba ìṣọ́ra gan-an: bí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ibi tí ó ṣókùnkùn nínú àwòrán kò ṣófo tó bí ojú ṣe rí i.

Ọ̀já ìmọ́lẹ̀ méjì ni ó hàn, ọ̀kan lókè aṣálẹ̀ Sàhárà, ìkejì lókè òkun ní gúúsù wa, Ìjẹ̀bú sì wà láàárín wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba àríwá Ìlọrin kọjá. Lókè ibẹ̀ ni agbára iná mọ̀nàmọ́ná ti ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ru sókè bí omi ìsun, kí wọ́n tó tọ ipa òòfà ṣàn sílẹ̀ sí ìhà méjèèjì.

Àwọn ìlà dúdú tí ó gé àwọn ọ̀já náà láti àríwá sí gúúsù ni mo ń wá. Lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn, ìsàlẹ̀ ionosphere a tètè fúyẹ́ nígbà tí òkè ṣì wúwo, èyí tí ó fúyẹ́ a sì gun òkè bí ihò ńláńlá tí ń ṣí lọ sí ìlà-oòrùn; àwọn ihò yìí ni ìlà dúdú náà. Àmì GPS tí ó bá la etí wọn kọjá a máa gbọ̀n títí yóò fi já. Mo gbé àkókò tí àmì já lọ́dọ̀ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán alẹ́ kan náà, ihò kan sì wà nítòsí wa ní wákàtí náà gan-an. Láti ìgbà náà, ní àwọn oṣù méjèèjì yẹn, a kì í fi dátà alẹ́ ṣáájú ọ̀gànjọ́ ṣírò ààlà ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.