Bí mo ṣe fi páálí mọ òkè Freetown

Ògbómọ̀ṣọ́ fi ohun tó lé ní 300 mítà ga ju ojú òkun lọ, àmọ́ ta ló ń fura? Láti Èkó débí, díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ ń gòkè. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé òkè kan ga ní 888 mítà, tó sì jẹ́ pé etí òkun gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kàn máa wò mí ni. Mo wá pinnu láti fi páálí mọ ọ̀kan kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Òkè Freetown ní Sierra Leone ni mo mú, torí abúlé Bathurst tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n mú Àjàyí Crowther lọ ní 1822, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ọmọ Òsoogùn ni, ní ìpínlẹ̀ wa níbí.

Orí OpenTopoMap, ìkànnì àwòrán ilẹ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti tẹ àwòrán ilẹ̀ tó ní ìlà kọ́ńtọ̀ jáde, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tó ga bákan náà pọ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà kan, ó sì gùn tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà. Páálí tó nípọn tó mílímítà mẹ́ta ni mo fi ṣe gíga 100 mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo òdiwọ̀n kan náà fún gíga o! Picket Hill tó ga jù níbẹ̀ ò ní tó sẹ̀ǹtímítà kan, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní òkè.

Gígé rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Mo da ìlà kọ̀ọ̀kan kọ, mo fi abẹ tuntun gé e, mo lẹ̀ ẹ́ kí n tó bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi Tokeh, àwọn ìlà náà fún mọ́ra débi pé abẹ ò fẹ́ẹ̀ ráàyè kọjá. Lápá Waterloo, ilẹ̀ tẹ́jú. Freetown fúnra rẹ̀ há sí àríwá, láàárín òkè àti ẹnu odò ńlá. Ibi tí ilé lè gbà pọ̀ sí i ni kó máa gun òkè. Mo sàmì pupa sí Sugar Loaf, ọ̀kan lára àwọn òkè náà, níbi tí ilẹ̀ ti ya ní 14 Oṣù Kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò ńlá. Àwọn tó kú àti àwọn tí a ò rí mọ́ lé ní 1,000. Igi tí wọ́n ti gé kúrò lára òkè náà wà lára ohun tó fà á.

Lẹ́yìn náà, mo fi ìwé ìròyìn tí mo rì sínú sítáàṣì bò ó, mo sá a sóòrùn, mo kùn ún.

Òjò ni ọmọ kan kọ́kọ́ bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí tiwọn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?" Tiwa tó bíi 1,200 mílímítà lọ́dún, tiwọn lé ní 3,000. Mo ní kó na ọwọ́ láti orí òkun wá, kó máa bọ̀ tààrà. Ọwọ́ rẹ̀ kọlu òkè. Afẹ́fẹ́ tó ru omi òkun náà ò rọ́nà lọ, àfi kó gùnkè. Bó ṣe ń gùnkè ló ń tutù, omi inú rẹ̀ á sì dòjò. Inú àfonífojì Guma, láàárín òkè yìí kan náà, ni wọ́n sé odò sí tí Freetown fi ń rómi mu.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ wá ibi gbé e sí dáadáa. Ikán fẹ́ràn páálí, èkúté fẹ́ràn sítáàṣì. Orí tábìlì irin ni tèmi wà, mo sì tọ́jú kàfúrà sábẹ́ rẹ̀.